Ìbọn Arógunmáyìn

"Bí túùkú kan bá gba iwájú èmi Harold Mọ́ṣádé kọjá láàyè lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yìí, kí gààrí di èèwọ̀ mi títí n ó fi kú! Ẹ gbọ́ mi yé o. Mi ò sọ pé ìrẹsì. Gààrí ni mo wí!"

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá fi gààrí búra, ẹja tó fi omi búra ni. Àwọn ọdẹ mẹ́wàá tó jókòó sábẹ́ igi òdán níwájú ilé olúọdẹ ní Ìbẹ̀fún tẹjú mọ́ ọn. Harold gbé àdá olúọdẹ sókè, ó fi ahọ́n kan ojú irin náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń retí kí èrò ìwòran pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọdún márùndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òdogbolú kó tó fẹ̀yìntì. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, fáìlì ló ń gbé, eruku ló ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu báyìí, ẹ ó rò pé ó ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta kó tó fọnu láàárọ̀ ni. Ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó ti fi ike bò ó kí òjò má baà pa á, ó sì máa ń yọ ọ́ fún àwọn èèyàn wò níbi ìsìnkú.

Olúọdẹ, Bàbá Ràsákì, kò pàtẹ́wọ́. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá náà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, iná àgbẹ̀dẹ ti jó irun apá ẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ó gba àdá ẹ̀ padà, ó fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò nu ibi tí ahọ́n Harold kàn.

"Irin ti gbọ́, Harold. Ìbọn ẹ dà?"

"Màá rà á, Baba."

"Nígbà wo?"

"Lọ́la."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Déọlá, olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní Ìjagun, tó máa ń ṣọdẹ bí ilé-ìwé bá ti wọlé ìsinmi, rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti búra ogun kẹ́ ẹ tó ra ohun ìjà! Ẹ ti sọmọ lórúkọ kẹ́ ẹ tó gbéyàwó!"

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn olóko tí gbogbo wọ́n tìtorí ẹ̀ pé jọ. Ìyá Hikmah ni wọ́n ń pè é, opó ni, ó sì jókòó sórí odó tó dojú dé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ó wí, "ẹ̀gẹ́ oko méjì ni mo gbìn. Túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó burúkú yìí, ti tú ti òkè bí ẹni ń wá òrùka tó sọnù. Èyí tó kù létí àbàtà yìí nìkan ló kù tí mo lè rí din lọ́dún yìí. Bó bá lọ, kò sí ohun tí n óò fi jẹun mọ́."

Nígbà náà ni ìgbìmọ̀ ogun wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ràsákì fi igi ya ilẹ̀. Ó fi ibi tí àbàtà ògùrọ̀ wà hàn wọ́n. Inú ẹ̀ ni túùkú méje náà máa ń sùn lọ́sàn-án. Ó fi odò hàn wọ́n lápá ọ̀tún: Déọlá ni yóò dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ẹ̀. Ó fi oko ọ̀pẹ àtijọ́ hàn wọ́n lápá òsì: òun fúnra ẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀. Àwọn yòókù yóò gba ẹ̀yìn wọ inú àbàtà pẹ̀lú ajá àti agolo, wọn óò máa pariwo. Lẹ́yìn náà ló wá fi igi gún àárín, níbi tí igbó ti ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tó kọjú sí ẹ̀gẹ́ Ìyá Hikmah gbọnrangandan.

"Ibí ni ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá dúró síbí gbọ́dọ̀ yìnbọn. Bó bá ba ẹran, ó dáa. Bí kò bá bà á, ariwo ìbọn nìkan tó láti dá wọn padà sínú àbàtà, a ó sì tún wọn lé. Ṣùgbọ́n bí ibí bá dákẹ́, inú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń lọ."

"Èmi ni!" Harold ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín dúró níbẹ̀," ni Déọlá wí.

"Ìwọ! Ta ni baba tó bí ẹ? Ọmọ Arógunmáyìn lèmi! Nígbà tí òyìnbó gbógun wá bá Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, tí ìbọn ń dún létí odò Yemọji bí òjò orí páànù, baba ńlá mi wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ń yin ogun náà, wọ́n ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n ní ogun olóògùn ni. Baba ńlá mi wò ó látòkè délẹ̀. Ó rí ogun, kò yìn ín! Ó ní ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè lógun? Ó pòṣé!"

"Ó pòṣé sí òyìnbó?" ni Ìyá Hikmah bi í.

"Ó pòṣé sí wọn kíkankíkan!"

"Báwo ni òyìnbó ṣe wá wọ Ìjẹ̀bú-Òde?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Harold ò mọ̀ ọ́n lára. Ó ti ń pín ẹran. Àwọn mùsùlùmí inú wọn ní àwọn ò fẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ìbáà jẹ́ tinú ilé, ìbáà jẹ́ tinú igbó, ẹ̀gẹ́ ló ká àwọn lára. Harold ní ìyẹn dára, àwọn onígbàgbọ́ á bá wọn ru ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ náà, orúkọ ọjọ́ ọ̀hún pàápàá ń tàn án.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹn Ọjọ́rú, mọ́, òun àti Bàbá Ràsákì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹnì kan ló júwe Alhaji Mukhtar fún wọn, ọmọ ìdílé Gbàdàmọ́sí tó ń ta aṣọ láti ìran dé ìran. Alhaji gbé ṣakabùlà kan sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà, ìbọn gígùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Harold fúnra ẹ̀, eruku bò ó bí ìyẹ̀fun. Ìbọn tí wọ́n ń gba ẹnu kì ni. Òkúta tí ń ṣáná sí ẹ̀tù ṣì wà lẹ́nu òòlù ẹ̀.

"Àwa ò ṣọdẹ rí ní tiwa," ni Alhaji wí. "Aṣọ la ń tà. Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé ọkùnrin kan ló gbé e wá lọ́dún tí ogun dé, lójú òjò. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé e pamọ́, òun ń bọ̀. Ìgbà yẹn la ti ń retí ẹ̀. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ pé ó ṣì ń bọ̀, yóò ti dé."

Harold fi ọwọ́ nu ìdí ìbọn náà. Ìṣó bàbà ló hàn sí i, wọ́n gbá wọn tò bí òòyà eléyín márùn-ún. Òòyà eléyín márùn-ún gan-an ni wọ́n gbẹ́ sórí ilẹ̀kùn ilé bàbá ẹ̀ ní Ìbẹ̀fún!

Bàbá Ràsákì rí ojú ẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Pa ẹnu mọ́," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "A ò tíì dúnàádúrà."

Ta ló ń gbọ́? Harold ti gbá ìbọn mọ́ra, omi ti bọ́ lójú ẹ̀. "Baba ńlá mi rè é o! Arógunmáyìn rè é! Alhaji, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní nílé!"

Bẹ́ẹ̀ ni Alhaji wá mọ ohun tó ní nílé. Ojú ẹsẹ̀ ni iye tó fẹ́ gbà di ìlọ́po méjì. Harold san án, ó tún dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Bàbá Ràsákì fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ìbọn náà yọ, èyí tí wọ́n fi ń ki ẹ̀tù. "Mú un wá. Ìbọn àlòkù, inú ẹ̀ la kọ́kọ́ ń bi léèrè. Bí ọ̀pá yìí bá kan ìdí, ó ṣófo. Bí kò bá kan ìdí, nǹkan ń bẹ níbẹ̀."

Harold gbé ìbọn sá sẹ́yìn. "Baba, ẹ dákun! Ẹ fẹ́ ki igi bọ baba ńlá mi lọ́fun?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ sùn ni."

"Ogun ló jẹ sùn! Ẹ jẹ́ kó délé ná, kí àwọn ẹbí fojú kàn án."

Bàbá náà na ọ̀pá náà sí i. "Ìwọ lo ni baba, ìwọ náà lo ni ìbọn. Ṣùgbọ́n má kì í o, títí wàá fi gbé e wá sí àgbẹ̀dẹ mi kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́ dáadáa. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Baba."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò kàn ṣe é ni. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fọ́tò ló ń yà. Ó yà á ní ìdúró, ó yà á ní ìjókòó, ó gun orí àpótí yà á. Ó fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ẹbí, nílé lóko, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìbọn Arógunmáyìn ti padà délé, kí ọ̀tá má ṣe sùn. Nígbà tí yóò fi rántí àgbẹ̀dẹ, àwọn ọdẹ ti tò sójú ọ̀nà, ajá ti ń gbó. Ó sáré bá wọn. Nígbà tí Bàbá Ràsákì bojú wẹ̀yìn bi í pé, "Ṣé ó mọ́?" Harold dáhùn pé, "Ó mọ́ tónítóní, Baba." Òun ti fi epo nu ara ẹ̀ ní tiẹ̀. Bàbá náà rò pé inú ló ń wí.

Wọ́n rìn bí ọmọ ogun. Bàbá Ràsákì ló ṣíwájú, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lójú títì títí wọ́n fi dé etí oko, àfi Harold tó ń kọ orin sábẹ́ imú. Ó wo ẹ̀gẹ́ Ìyá Hikmah bó ti ga, tó tutù yọ̀yọ̀. Ìyá náà wà láàárín ebè pẹ̀lú ìdérí ìkòkò àti orógùn, kó lè fi ariwo wọn lé èyí tó bá ya wọlé. Ó gbọ́wọ́ sókè sí Harold, ó ní, "Ọmọ akin, ojú ẹ ni mò ń wò o."

Oníkálukú gba ipò ẹ̀. Harold dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó da ẹ̀tù sí i, ó fi ìwé wé e mọ́lẹ̀, ó sọ ọta sí i, ó fi ọ̀pá kì í. Ọ̀pá náà yọ sókè jù lẹ́nu ìbọn, ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan àti ààbọ̀. Ó wò ó, ó ní bóyá bí ìbọn ogun ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó bu ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tó wà lábẹ́ òkúta. Ó kúnlẹ̀. Ó dúró.

Ajá kọ́kọ́ dún lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn náà agolo. Lójijì ni ohun gbogbo sún mọ́ tòsí. Igi ògùrọ̀ ń mì. Harold fa ìbọn mọ́ra. Ó bi ara ẹ̀ pé, ṣé mo ti ki ìbọn yìí? Kò rántí. Ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún nígbà ayé ẹ̀ kò rántí ohun tí ọwọ́ ẹ̀ ṣe níṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn! Ó tún da ẹ̀tù sí i. Ó tún wé ìwé. Ó tún sọ ọta, ó tún kì í.

Ewé yà, túùkú sì jáde.

Ìyá wọn ló ṣíwájú, ó pupa bí erùpẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìlà funfun gbọọrọ lórí ẹ̀yìn ẹ̀, irun etí ẹ̀ nà bí ti ẹni tó di gèlè tí kò so ó dáadáa. Ó rí Harold, ó dúró. Àlàfo àárín wọn ò ju iyàrá kan lọ.

"Ẹ yìn ín, ẹ̀gbọ́n! Ẹ yìn ín!" Déọlá ló ń ké látapá odò.

Ìka Harold wà lórí irin tí wọ́n ń fà. Ó pàṣẹ fún un, kò lọ. Ó bẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ọpọlọ ẹ̀ ń sọ fún un pé ariwo lásán ti tó, kó tiẹ̀ yìn ín sí ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ìka náà ti di ti ẹlòmíràn. Túùkú náà mí fìì nímú. Ó yà díẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àlejò tó ń wá ọ̀nà gba iwájú onílé kọjá. Bó bá ṣe pé ẹran ń sọ̀rọ̀ ni, à bá ní ó ní ẹ kú ìjókòó. Mẹ́fà tẹ̀ lé e. Harold kà wọ́n, ìyẹn nìkan ló ráyè ṣe.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹ̀gẹ́ tó ń dá wáwá, tó sì gbọ́ ìdérí ìkòkò Ìyá Hikmah, kíkan kíkan, kíkan kíkan, àti ohùn ìyá náà tó ń pe orúkọ ẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù fi sáré dé, tí wọ́n fi ajá lé wọn wọgbó, ìdajì oko ti wólẹ̀. Bàbá Ràsákì fi àdá tọ́ka sí ebè tó kù. "Ìdajì ṣì wà. Ẹranko tó bá ti tọ́ ọ wò yóò padà. Harold, kí ló dé?"

"Mo yìn ín, Baba! Mo yìn ín, ó kọ̀ ni!"

Irọ́ náà jáde lẹ́nu ẹ̀ kíá, ó tún dán. Wọ́n sì gbà á gbọ́! Wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n ní ohun àtijọ́ ni, wọ́n ní bí irin ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bàbá Ràsákì gba ìbọn náà. Ó ṣí ìdérí àwo ẹ̀tù. Ẹ̀tù náà wà níbẹ̀ dúdú minimini, iná ò kàn án. Òòlù náà kò kúrò níbi tí wọ́n fà á sẹ́yìn sí. Bàbá náà gbé ojú sókè, ó wo Harold, ó rọra pa ìdérí náà dé, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ìbá ṣe pé ó sọ ọ́! Ìbá ṣe pé ó gbá a létí! Harold mọ̀ lára bí ìtìjú ṣe ń gun òun látàtẹ́lẹsẹ̀ bọ̀, tó ń gbóná bí ẹni tí ìjàlọ ń ta. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ó wo ojú ọ̀nà bóyá ikú ń bọ̀. Déọlá ló rí tó ń bọ̀, pẹ̀lú abọ́ gààrí tí wọ́n ti rẹ, omi tútù, ẹ̀pà àti ṣúgà lórí ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba tiyín."

"Mo ti jẹun nílé."

"Ẹ mu ún, ẹ jàre. Ìbọn ló kọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìbúra yẹn ò mú yín."

Gbogbo wọn ń wò ó pẹ̀lú àánú. Harold gba abọ́ náà. Ó gbọ́ òórùn kíkan gààrí náà, itọ́ kún ẹnu ẹ̀. Ó rántí adùn irin lórí ahọ́n. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀ sórí ebè, ó ní eyín ń dun òun.

"Ẹ jẹ́ ká lọ tú inú ìbọn yìí," ni Bàbá Ràsákì wí. "Ohun tí wọ́n kì tí kò jáde, kì í ṣe ohun tí à ń gbé kiri. Déọlá, ìwọ àti ẹni méjì, ẹ dúró ti ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú."

"A ti gbọ́, Baba."

Wọ́n gbọ́ bí Harold ṣe gbọ́. Nígbà tí bàbá náà fi jókòó sínú àgbẹ̀dẹ, tó gbé ìbọn náà dùbúlẹ̀ sórí orúnkún, gbogbo ọdẹ ìlú ló ti yí i ká, Déọlá ló sì wà níwájú pátápátá. Ta ni yóò jókòó ti igbó, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí inú ìbọn Ìmàgbọn?

Bàbá Ràsákì fi omi sí i, ó ní kó mu ún. Nígbà tó pẹ́, ó mú ọ̀pá irin kan tí ẹnu ẹ̀ lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, ó tì í wọ inú ìbọn, ó lọ́ ọ, ó fà á. Ìwé jáde. Fọ́ọ̀mù sẹkitéríàtì ni, òǹtẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ọta jábọ́.

"Ọ̀kan."

Ó tún tì í wọlé. Fọ́ọ̀mù tún jáde, ọta tún jábọ́. "Ó kì í lẹ́ẹ̀mejì," ni ẹnì kan wí. Harold wo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ò tíì kan ìdí. Bàbá Ràsákì wo ìta ìbọn, ó wo ọ̀pá, ó wọ̀n ọ́n, ojú ẹ̀ yí padà. Ó tún lọ́ ọ. Èyí le. Ó fà á títí òógùn fi bò ó. Àkísà ló jáde, tó ti dúdú, tó gbẹ bí awọ alángbá, lẹ́yìn náà ẹ̀tù tó ti di òkúta, lẹ́yìn náà ọta òjé kan, róbótó, irú èyí tí kò sí lọ́jà mọ́. Ó tún wọlé. Àkísà. Ọta. Ó tún wọlé. Nígbà tí ọ̀pá fi kan ìdí, tó dún ganran, ọta àtijọ́ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Harold méjì.

"Baba," ni Déọlá bèèrè jẹ́jẹ́, "kí ló túmọ̀ sí?"

Bàbá Ràsákì nu ọwọ́. "Ẹni tó bá kì í tó sì yìn ín, ọ̀kan ò ní bá ọ̀kan níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ọwọ́ ẹ̀ á máa kì, ìka ẹ̀ ò ní fà. Á rò pé òun ti yìn ín, á tún kì í. Mẹ́rin nìyí. Ọkùnrin yìí dúró síbi tí ogun ti le, ó kì í lẹ́ẹ̀mẹrin, kò yìn ín lẹ́ẹ̀kan."

"Ó rí ogun," ni Déọlá wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Kò yìn ín." Ó sì pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. "A-rógun-má-yìn."

Ẹnì kan fọn imú. Ẹlòmíràn kọjú sí ògiri, èjìká ẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín náà wá bú, ó gba àgbẹ̀dẹ kan, àwọn kan jókòó sílẹ̀, àwọn kan di ara wọn mú. Ọgọ́fà ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti ń kì wọ́n ní ìdílé Mọ́ṣádé. Wọ́n ń kì wọ́n níbi ìgbéyàwó, níbi ìwúyè, níbi ìsìnkú, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀sín ni wọ́n fi ń kì wọ́n.

Harold ò gbọ́ ẹ̀rín náà tán. Lójú inú, ó rí baba ńlá ẹ̀ létí odò Yemọji, tí kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lápá ọ̀tún ti ṣubú, ẹ̀tù ń dà sílẹ̀ láàárín ìka ẹ̀. Ó rí i lójú òjò, lẹ́nu ọ̀nà àwọn aláṣọ, tó ń sọ pé òun ń bọ̀. Ó rí i nílé, níbi tí àwọn tó yìnbọn ti sọ ọ́ lórúkọ, tó gba orúkọ náà, tó ń jẹ́ ẹ, tó ń jẹ́ ẹ, títí ọmọ kan tí kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ fi dìde lọ́jọ́ kan tó fi gbé àyà. Tàbí ọmọ tó mọ̀ ni? Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Ẹ dákẹ́!" Bàbá Ràsákì ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Ìbọn tí ọta mẹ́rin dí lọ́fun, tí ènìyàn wá tún ki méjì lé e. Bí òòlù yìí bá kan àwo yìí láàárọ̀, ó máa bẹ́ ni. Orí ẹ̀ la ò bá máa wá nínú ògùrọ̀."

Ẹ̀rín gé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, "Ọlọ́run ṣeun! Alihamudulilahi!" Lẹ́yìn náà ni Déọlá dáwọ́ dúró.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ní àwọn yìn ín, wọ́n ní ó kọ̀ ni. Bí òòlù bá ti lù..."

Gbogbo ojú yí padà sí Harold. Òkè ò ya, ilẹ̀ ò lanu. Bàbá Ràsákì nìkan ló ń wo ibòmíràn, ó ń to ọta mẹ́fà náà sórí owú bí ẹni ń to ayò.

"N kò yìn ín," ni Harold wí. Ohùn ẹ̀ kéré débi pé ó ní láti tún un sọ, títún un sọ náà ló sì burú jù. "N kò yìn ín. Ẹ̀rù bà mí. Mo purọ́."

Ẹ wá gbọ́ bí ọmọ aráyé ṣe rí. Ẹni tí wọ́n ì bá nà, wọ́n dì mọ́ ọn! Wọ́n ní ìbẹ̀rù ẹ̀ ló gbà á là. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló mọ̀, wọ́n ní baba ńlá ẹ̀ ló di ìka ẹ̀ mú. Ẹnì kan ní bí baba náà bá yìn ín ní Ìmàgbọn, ta ni ì bá bí ẹ̀gbọ́n Harold? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í lọ́tun, "Arógunmáyìn, ọmọ ọlọ́gbọ́n! Ọmọ a-kì-má-yìn, ọmọ a-délé-bímọ!" Ikú tó yá ju ẹ̀sín láàárọ̀, Harold rò ó wò, ó rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ ń nà díẹ̀díẹ̀. Àyà ẹ̀ ń jáde. Ìtìjú ṣì wà lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ti ń padà bọ̀.

"Ẹ ò rí i," ni ó wí, ó gbọ́wọ́ sókè, "ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìdílé tiwa ni pé..."

Ìyá Hikmah ló dúró lẹ́nu àgbẹ̀dẹ. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé. Ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe!" Déọlá ké sí i. "Ẹ ò ní gba ohun tó wà nínú ìbọn yìí gbọ́!"

Ó wo ọta mẹ́fà náà. Ó wo ọdẹ mọ́kànlá. Ó wo gbogbo ìbọn ìlú bí wọ́n ṣe fẹ̀yìn ti ògiri àgbẹ̀dẹ.

"Wọ́n padà wá," ni ó wí. "Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán."